Ta Ló Ń Lé Ọ? Nípa Oúnjẹ Ọmọ Wa Tí Kò Pé Oṣù

Alékùwódò, Òṣogbo,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní kété tí búrẹ́dì àkọ́kọ́ jáde lórí iná.

Rẹ̀mílẹ́kún, Àdùkẹ́ mi,

Bàbá Jẹ́lílì tó ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì wa ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Mo ní kó má fún nọ́ọ̀sì, kó má fún ọkọ rẹ, kó má sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù títí yóò fi rí ojú rẹ. Jókòó kí o tó kà á. Bí ọmọ bá wà láyà rẹ, jẹ́ kó wà níbẹ̀, fi ọwọ́ kan kà á.

O mọ̀ mí. Èmi kì í kọ lẹ́tà. Ohun tí mo bá fẹ́ sọ, mo ń pe èèyàn, mo ń sọ ọ́, mo ń pa fóònù. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ń pè mí ní Màmá Kíá lẹ́yìn mi, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ lórí fóònù lánàá, ohùn mi kò gbà fún mi. Wíwá náà kò sì ṣeé ṣe. Ikọ́ tó ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dókítà ti gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi fún àyẹ̀wò. Ó ní títí èsì yóò fi jáde, mi ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọmọ tuntun kankan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọmọ olóṣù méje. Nítorí náà mo wà níbí, ìwọ wà ní Iléṣà, ọ̀nà kò jìn rárá, mi ò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè mọ̀ pé mi ò ṣeré.

Ohun tó dá ẹ̀rù náà sílẹ̀ nìyí. Lánàá, ìyá ọkọ rẹ pè mí láti Ìperindó. Inú wọn dùn. Wọ́n ní Táyọ̀ ti sọ fún àwọn pé Ọjọ́bọ̀ ni ọsibítù yóò dá yín sílẹ̀, pé àwọn ti tún yàrá ṣe, àwọn ti fọ aṣọ ìtẹ́lẹ̀, àwọn sì ti kó egbò àti ewé sínú ìkòkò tuntun. Mo bi wọ́n pé ìkòkò kí ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Àgbo ọmọ ni, àna mi. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ tó kéré tó báyìí, àfi ká máa rọ ọ́. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ ò ní dá a mọ̀ mọ́."

Mo ní àwọn dókítà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin ará Òṣogbo, dókítà lẹ fi ń ṣe bàbá. Wọ́n ní àwọn rọ Táyọ̀, àwọn rọ àwọn àbúrò rẹ̀, ta ló kú nínú wọn? Àwàdà ni wọ́n fi ṣe. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí àna ni wọ́n, obìnrin rere sì ni wọ́n. Nígbà tí mo pa fóònù, mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun.

Àdùkẹ́, ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi.

Ẹnì kan wà ṣáájú rẹ. Obìnrin ni. Ṣẹrífátù la pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Oyún rẹ̀ kò pé, bí tìrẹ yìí gan-an. Ìdó-Ọ̀ṣun ni èmi àti bàbá rẹ ń gbé nígbà náà, nínú yàrá méjì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní poli níbi tí mo ti kọ́ nípa okòwò, orí mi kún fún ètò. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan: ọjọ́ tí ààrò búrẹ́dì wa àkọ́kọ́ yóò dé, ọjọ́ tí a ó po ìyẹ̀fun àkọ́kọ́, ọjọ́ tí n ó bímọ. Ọmọ kò wo ìwé mi. Ó wá nígbà tó wù ú.

Apá rẹ̀ kò nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ. Kò lè fa ọmú. Nọ́ọ̀sì kan wà níbi tí mo bí i sí, obìnrin kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fún ọmú sínú ife kékeré, bí a ṣe ń gbé ọmọ dìde díẹ̀ lórí itan, tí a ó fi etí ife kan ètè rẹ̀ ti ìsàlẹ̀, tí a ó sì dúró. Kì í ṣe pé kí a dà á sí i lẹ́nu o. Kí a dúró, kí ọmọ fúnra rẹ̀ yọ ahọ́n, kó lá a. Yóò lá a lẹ́ẹ̀kan, yóò sinmi. Yóò lá a lẹ́ẹ̀mejì, yóò sùn. A ó jí i. Wàrà tí kò kún ìsàlẹ̀ ife, ìdajì wákàtí la fi ń mu ún. Mo ń wo aago ara ògiri ṣáá. Nọ́ọ̀sì rí mi, ó ní, "Ìyá ọmọ, ta ló ń lé ọ?"

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò dá a lóhùn. Ká ní mo dáhùn ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ náà ni.

A dé ilé, àwọn èèyàn ń wá kí wa. Wọ́n á ṣí aṣọ lójú ọmọ, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n tó wá sọ pé ó káre. Obìnrin kan ò tilẹ̀ dákẹ́, ó ní ṣé ọmọ nìyí àbí ọmọ aláǹgbá. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí dé inú eegun. Ìyá àgbà kan wà nínú agbo ilé náà tó mọ ọmọ rọ. Wọ́n ní kí n wá wò ó. Wọ́n tẹ́ ọmọ ẹlòmíràn sórí itan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe kòtò sí i lẹ́nu, wọ́n da àgbo sínú kòtò náà, wọ́n sì fún imú rẹ̀ pa díẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ mí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e mì. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ó ti parí. Ọmọ ọ̀hún sanra, oṣù rẹ̀ pé, ó ké, ó sì yó.

Èmi tí mo kàwé, ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ tó ń gba ìdajì wákàtí ti di ti ìṣẹ́jú kan. Ohun tí mo rí nìyẹn. Mi ò rí ọmọ tèmi.

Ọjọ́ tó pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ààrò dé. Òwúrọ̀ ni. Mo ti po omi ògì mọ́ wàrà kó lè wúwo ní inú rẹ̀, kó lè sùn pẹ́, kí n lè ráyè. Ó lá a lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣíwọ́. Àwọn tó gbé ààrò wá ń tẹ fèrè ọkọ̀ níta. Mo tẹ́ ẹ sórí itan. Mo rọ ọ́.

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ikọ́ kékeré, bí ẹni pé ọmọ ológbò ń sín. Lẹ́yìn náà ni ètè rẹ̀ ṣú. A gbé e sínú ọkọ̀ àwọn tó gbé ààrò wá yẹn náà, a kò tíì dé Òṣogbo tó fi lọ. Ikọ́ tó ń ṣe mí báyìí, gbogbo ìgbà tí mo bá wú u, tirẹ̀ ni mo ń gbọ́.

Àwọn èèyàn ní àbíkú ni. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́hun. Mo fa àbíkú yẹn mọ́ra bí aṣọ ìbora. Bàbá rẹ nìkan ni mo sọ òótọ́ fún. Kò bú mi. Nígbà tí ìwọ dé, òun ló ní kí a pè ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún. O bi mí nígbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì pé ẹkún kí ni mo ń sun, mo ní ikú ìyá mi ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Dárí jì mí.

Ó tó. Ẹkún kò lè fi ohunkóhun kún ara ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ètò ló lè ṣe é. Gbọ́ mi dáadáa, kí o sì fún Táyọ̀ kà.

Èkíní: wàrà rẹ nìkan. Kò sí àgbo, kò sí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sí gúlúkóòsì, kò sí oyin, kò sí omi ògì. Omi Sámúsámù tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ mú bọ̀ láti Mẹ́kà ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, mo mọ̀. Omi àdúrà láti ṣọ́ọ̀ṣì Màmá Táyọ̀ náà ń bọ̀. Má bá ẹnikẹ́ni jà. Dúpẹ́, kí ìwọ fúnra rẹ mu ún. Bí ìbùkún bá wà nínú rẹ̀, yóò bá ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí ohun mìíràn yóò bá kún wàrà yẹn, dókítà ni yóò sọ ọ́, kì í ṣe àlejò, kì í sì í ṣe èmi.

Èkejì: ẹ ò gbọdọ̀ rọ ọ́. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe díẹ̀. Ife ni, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà oúnjẹ kúrò ní imú rẹ̀. Gbé e dìde, fi etí ife kàn án létè, kí o dúró. Bó bá sinmi, sinmi. Bó bá gba wákàtí kan, kó gbà á. Ìyẹ̀fun tí a pò kì í wú nítorí pé a jágbe mọ́ ọn. Mo mọ èyí nípa búrẹ́dì kí n tó mọ̀ ọ́n nípa ọmọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Èmi ni ẹlẹ́rìí òwe yẹn.

Ẹ̀kẹta: má dúró dìgbà tó bá ké. Ọmọ tí kò pé oṣù kì í ní agbára ẹkún. Ebi lè máa pa á lójú oorun, kí gbogbo ilé máa yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ẹ jí i ní wákàtí méjì méjì, tàbí mẹ́ta bí nọ́ọ̀sì bá ṣe sọ. Táyọ̀ ni kó mú aago, kó ra ìwé kan, kó máa kọ ìgbà tó mu, bó ṣe mu tó, àti ìgbà tó tọ̀. Bàbá ọmọ kì í ṣe àlejò nínú ilé rẹ̀. Ẹ gbé ìwé náà dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ gbé e wá wọ̀n, ẹ má sì pa ọjọ́ ìwọ̀n kankan jẹ.

Ti ọmú rẹ ńkọ́? Fún un, kódà bí kò bá wá. Bó bá jẹ́ ẹ̀kán méjì ló jáde, ẹ̀kán méjì yẹn ni oúnjẹ. Bí o bá pa á tì nítorí pé ó kéré, yóò gbẹ. Jẹ ẹ̀wà, jẹ ẹja, jẹ ẹ̀fọ́, mu omi. Kéréètì ẹyin méjì wà nínú ọkọ̀ Bàbá Jẹ́lílì, ìwọ ni mo fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe àwọn tó wá kí ọ. Fọ ọwọ́ àti ife kí o tó fún ọmú, fi omi híhó ṣan ife náà. Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó kí yín láti ẹnu ọ̀nà. Mo ti fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọmọ rẹ kéré, sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré. Má rẹ́rìn-ín. Ìkánjú nìkan kọ́ ló pa Ṣẹrífátù, ìtìjú náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe ka àwọn ìmọ̀ràn yìí dé ibí, mi ò mọ iye tí mo ti kà mọ́, ṣùgbọ́n èyí ṣe pàtàkì. Màmá Táyọ̀. Má ṣe lé wọn. Fún wọn níṣẹ́. Àgbà tí a kò bá fún níṣẹ́ yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí o bá ń jẹun tàbí tí o bá ń wẹ̀, kí wọ́n bọ́ bùbá wọn, kí wọ́n gbé ọmọ sáyà, awọ kan awọ, kí wọ́n fi aṣọ wé àwọn méjèèjì pọ̀, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe é fún ọ. Ooru ara ènìyàn, oúnjẹ ni fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá sì wà láyà wọn, ọwọ́ wọn kò ní ráyè ìkòkò.

Èyí tó kù, kọ ọ́ sára ògiri. Bí kò bá mu wàrà bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá tutù, tàbí tó bá gbóná. Bí ojú tàbí awọ rẹ̀ bá pọ́n bí epo ata. Bí ètè rẹ̀ bá ṣú. Bó bá ń mí kíákíá, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú. Bí ikùn rẹ̀ bá wú, tàbí tó bi ohun aláwọ̀ ewé. Níbẹ̀ nìkan ni mo ti gbà ọ́ láyè láti kánjú. Má pè mí. Má pe pásítọ̀, má pe àfáà. Ọkọ̀ ni kí ẹ pè. Ẹ ó máa bá wa sọ̀rọ̀ láti ojú ọ̀nà.

Nítorí ìyẹn ni mi ò fi fẹ́ kí ẹ lọ sí Ìperindó báyìí. Ó jìnnà sí ọsibítù. Mo ti bá onílé kan sọ̀rọ̀ ní Iléṣà, yàrá àti ilé ìdáná, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn dé wọ́ọ̀dù. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ìwé yìí. Màmá Táyọ̀ lè wá bá yín níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà. Mo mọ̀ pé wọ́n ti tún yàrá ṣe. Mo mọ̀ pé yóò dùn wọ́n. N ó pè wọ́n kí n tó lẹ àpò yìí, n ó sì sọ ohun tí mo sọ fún ọ fún wọn. Ìwọ ni wọn yóò bínú sí bí mi ò bá sọ ọ́.

*

Mo ti pè wọ́n.

Mo sọ gbogbo rẹ̀, látorí ààrò dé orí omi ògì. Mo rò pé fóònù ti já. Mo ní, "Àna mi?" Ohùn wọn kò jọ ti àná mọ́.

"Mo bi yín lánàá pé ta ló kú nínú wọn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹnì kan kú. Ṣáájú Táyọ̀. Àbíkú làwa náà pè é."

Wọn ò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mi ò sì bi wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn yóò wá sí Iléṣà lọ́jọ́ Rú, kí ẹ tó jáde. Wọ́n ní àwọn yóò da ohun tó wà nínú ìkòkò nù.

Bóyá wọ́n dà á nù, bóyá wọn ò dà á nù, mi ò mọ̀. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kan fún ogójì ọdún lè ṣe é kí orí tó rántí. Ìwọ ni kí o máa ṣọ́ ife, Àdùkẹ́. Ọjọ́bọ̀ tí ẹ ń jáde yìí, mo ti ṣírò rẹ̀ títí. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ rẹ yóò pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

Bàbá Jẹ́lílì ti ń tẹ fèrè ọkọ̀ níta. Búrẹ́dì Iléṣà ti ń tutù. Kó máa tẹ̀ ẹ́. Mi ò dìde.

Má kọ èsì sí mi. Ní Ọjọ́bọ̀, bí ẹ bá dé yàrá, bí o bá fẹ́ fún un ní oúnjẹ àkọ́kọ́, pè mí. Má sọ̀rọ̀. Gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, kí o sì fi etí ife kàn án létè. Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń lá a. Mo fẹ́ gbọ́ ìgbà tó bá sinmi, àti bó ṣe gbé e mì fúnra rẹ̀. Bó bá gba wákàtí kan, n ó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan. N ó gbé fóònù jìnnà sí ikọ́ mi.

Kò sẹ́ni tó ń lé wa.

Èmi ni ìyá rẹ, àti ìyá Ṣẹrífátù.